Orúkọ Kan Ṣoṣo Lórí Lẹ́tà

Gbogbo wọn ti kà á, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí Ìbídùn nínú. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà náà ò dé ọ̀dọ̀ wọn ni, wọn ì bá ní ẹ̀rọ ló fà á, kí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe, kí ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n àwọn fìtílà tó wà lára ògiri yàrá ìkìlọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún olórí abúlé kan, ti pọ́n bí ìyeyè láti àárọ̀. Dúdú ni fìtílà ẹni tí kò tíì rí lẹ́tà. Ẹni tó bá ti kà á, tirẹ̀ á pọ́n. Ẹni tó bá fèsì pé òun ti gbọ́, tirẹ̀ á yí padà sí àwọ̀ ewé. Ìbídùn ti wo ògiri náà títí ojú fi ń ta á, kò rí ewé kankan níbẹ̀.

Nísàlẹ̀ fèrèsé, omi ń gun ògiri Dáàmù Ìjádùn díẹ̀díẹ̀. Òjò tó ti gbàgbé oṣù tirẹ̀ láti ayé ìyá Ìbídùn ló tún lọ rọ̀ lókè ọya lọ́hùn-ún nínú ẹ̀ẹ̀rùn gangan, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ya wálẹ̀ báyìí.

“Alárinà,” ni Ìbídùn pe ẹ̀rọ tó ń gbé lẹ́tà, “níbo lomi dé?”

“Ó ń sún mọ́ àmì pupa, Màmá,” ni Alárinà dáhùn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fún un. “Bí oòrùn bá yẹ àtàrí, ó ti kọjá rẹ̀.”

“Ilẹ̀kùn omi ńkọ́?”

“Ó wà ní títì. Ẹ mọ̀ pé fìtílà ló ń ṣí i.”

Ó kúkú mọ̀. Ògiri dáàmù náà ti darúgbó, àwọn tó kọ́ ọ ò sì ronú irú òjò báyìí rí. Bí omi bá kọjá àmì pupa tí ilẹ̀kùn ò tíì ṣí, ògiri lè ya. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ṣàdédé ṣí, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí sínú odò gbígbẹ nísàlẹ̀ ni omi yóò gbé lọ, àti àwọn ọmọ wọn tó ń fi iyanrìn ṣeré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mọ́ fìtílà: àfi bí gbogbo olórí abúlé bá dáhùn pé àwọn ti gbọ́. Òfin tó dára ni. Ẹni tó ṣe é kò kàn rò ó pé àwọn èèyàn lè gbọ́ kí wọ́n sì dákẹ́.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Ọ̀gá Adélakùn wọlé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Òun ni olórí ilé iṣẹ́ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́, ọmọlúàbí dé góńgó, tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ béèrè ará ilé, ará oko àti ajá ilé pẹ̀lú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ náà, torí ó ní ọ̀rọ̀ tó tó báyìí, kì í ṣe èyí tí ọ̀gá ń fi rán ọmọọṣẹ́.

“Wọn ò tíì fèsì?” ló béèrè.

“Wọn ò tíì fèsì, sà.”

“Áà. Ó ní láti jẹ́ pé a ò kí wọn tó.”

Ìbídùn yíjú padà wò ó bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré. “Alárinà,” ló wí, “jọ̀wọ́ tún lẹ́tà náà kà fún wa, kí ọ̀gá gbọ́ ọ.”

Alárinà tún ohùn ṣe, ó bẹ̀rẹ̀. “Àkọlé: Ìkíni Àsìkò àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Mìíràn. Sí gbogbo ẹ̀yin olórí wa ọ̀wọ́n. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ooru, ẹ kú ìfaradà ẹ̀fọn. A kí ìyá ìbejì ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run yóò dá wọn sí. Inú wa dùn láti sọ fún yín pé a ti tún ọgbà tó yí dáàmù ká ṣe. Ọmọ ẹja tí a ṣèlérí kò ní pẹ́ dé. Ní ti àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ wáyà iná, a ti sọ̀rọ̀ yìí lọ́dún tó kọjá, a ò fẹ́ tún un sọ, àmọ́ a ó tún un sọ.” Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà gùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìpàdé, lẹ́yìn ìyẹn ni àdúrà. Nígbà tí Ìbídùn ti ń fi ìka lu tábìlì ni Alárinà tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. “Lákòótán, omi òkè fẹ́ máa pọ̀ díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí á máa ronú àtiṣí ilẹ̀kùn láìpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fojú sí i. Ire o.”

“‘Omi òkè fẹ́ máa pọ̀ díẹ̀,’” ni Ìbídùn tún sọ. “Ọ̀gá, ṣé omi tó fẹ́ wó ògiri lẹ ń pè ní díẹ̀?”

“Ìyá Mọrèniké, ṣebí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí? Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.”

“Omi ò mọ àbọ̀ ọ̀rọ̀, sà.”

Ọ̀gá Adélakùn rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ. Kí Ìbídùn tó lè dá a dúró, ó ti kọ òmíràn sí gbogbo wọn. Èyí tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó fi ìkíni kún ìkíni, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá kù díẹ̀ káàtó, ó wá fi ọ̀rọ̀ omi sí ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn fìtílà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti kà á. Wọ́n tún dákẹ́.

Ká ní ayé àtijọ́ ni, ẹnìkan ì bá ti gbé fóònù pè wọ́n, kí gbogbo wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń jí ohùn ọmọ ènìyàn lò, tí òkú ń fi ohùn ara rẹ̀ pe opó pé kó wá ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó tún gba ìpè gbọ́ mọ́. Lẹ́tà ló kù, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ímeèlì, kìkì èyí tó bá sì ní èdìdì. Ẹ̀gbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni èdìdì, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí. Ó mọ bí ọkàn ẹni tó ni ín ṣe ń lù, kì í sì í dá ẹlòmíràn lóhùn. Ẹni tí kò bá ní èdìdì kò lẹ́nu lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá sí níwájú rẹ̀. Lẹ́tà kò ní jáde lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì ní wọlé tọ̀ ọ́.

Ẹsẹ̀ ènìyàn dún lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin kan tí ẹrẹ̀ bò dé orúnkún já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Akínlàjà ni, olórí Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ, abúlé tó sún mọ́ dáàmù jù lọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń dúró dè tẹ́ ò ṣí omi? Ẹ fẹ́ kí ògiri yẹn wó lù wá ni?”

Ìbídùn dìde. “Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bi! Ṣé o ka lẹ́tà wa?”

“Mo kà á, Màmá. Ká má purọ́, níbi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni oorun ti gbé mi lọ. Ìyàwó mi ló kà á dé ìsàlẹ̀, tó figbe ta. A ti kó gbogbo èèyàn wa gòkè.”

“O ti kó wọn gòkè?”

“Tipẹ́tipẹ́.”

“Kí ló wá dé tí o ò fi fèsì?”

Akínlàjà wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ ṣòkòtò láàárín ọjà. “Kí n fèsì? Èmi Akínlàjà? Nígbà tí gbogbo wa ń rí i lórí ẹ̀rọ wa pé Bàbá Olúmẹ̀yẹ ò tíì sọ̀rọ̀?”

Ìbídùn yíjú sí ògiri, ó wo fìtílà tó wà lókè pátápátá, ti Bàbá Olúmẹ̀yẹ, olórí Orí-Iyanrìn, àgbà gbogbo wọn. Ó pọ́n bíi ti àwọn yòókù. Àṣé ìwọ̀sí kọ́, àṣé ìmẹ́lẹ́ kọ́. Ọ̀wọ̀ ló ń pa wọ́n lọ yìí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí gbogbo wọn, fìtílà àgbà ló wà lókè, olúkúlùkù wá káwọ́ gbera, ó ń dúró kí àgbà kọ́kọ́ la ẹnu. Ta ló fẹ́ kí wọ́n ròyìn òun káàkiri odò pé òun ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu?

“Bàbá fúnra wọn ńkọ́?” ló béèrè. “Kí ni àwọn ń dúró dè?”

Akínlàjà họ orí. “Ṣé orúkọ wọn wà nínú lẹ́tà náà? Mo tún fẹ́ wò ó. ‘Sí gbogbo ẹ̀yin olórí wa.’ Háà, Màmá. Ẹ ò mọ Bàbá Olúmẹ̀yẹ. Bí ẹ bá dé àárín agbo tí ẹ kí ‘ẹ̀yin ará ibí’, wọn ò ní dá yín lóhùn. Wọ́n á ní ẹni tí wọn ò pè kì í jẹ́.”

“Ṣé wọ́n ti kó àwọn èèyàn tiwọn gòkè?”

“Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, mi ò mọ̀. Àmọ́ bí n bá mọ Bàbá dáadáa, wọ́n á ní àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.”

Orí-Iyanrìn ni oko inú odò pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ oòrùn lọ síbẹ̀ báyìí, oòrùn á ti yẹ àtàrí kó tó débẹ̀.

“Mo fẹ́ kọ̀wé sí Bàbá,” ló wí. “Sí àwọn nìkan.”

Ọ̀gá Adélakùn gbé ife tíì sílẹ̀. “Ìyá Mọrèniké. O mọ ohun tí Òfin Gbangba wí.”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“Lẹ́tà iṣẹ́ ò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fi gbé odò yìí fún àjèjì nígbà ayé bàbá mi. Ẹnìkan kọ ọ́, ẹnìkan kà á, gbogbo ìlú sì jí lọ́jọ́ kejì láì lómi mímu. Gbangba làṣá ń ta.”

“Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a kọ sí gbogbo ènìyàn lónìí, a ò kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni.”

“Ọdún kan gbáko ni wọ́n á fi gba èdìdì lọ́wọ́ rẹ,” ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. “Ọmọ rẹ ńkọ́?”

Ẹ̀rù ba Ìbídùn, kò ní purọ́ fún ara rẹ̀. Mọrèniké, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà lójú òkun, ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí wọ́n kọ́ sídìí àwọn òpó afẹ́fẹ́ tó ń fún ilẹ̀ níná. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Ọkọ̀ kì í débẹ̀ títí ìgbì yóò fi rọlẹ̀, lẹ́tà nìkan ló ń dé. Bí wọ́n bá gba èdìdì yìí, ọmọ á bímọ, ìyá ò ní mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Kò ní mọ̀ bóyá ọmọ òun tìkára rẹ̀ yè. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló rántí pé àwọn ìyá kan wà ní Orí-Iyanrìn pẹ̀lú, tí àwọn ọmọ wọn wà nínú iyanrìn báyìí. Ó fa àga, ó jókòó ti ẹ̀rọ.

Èyí tó kọ́kọ́ kọ gbóná. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa odindi ìlú nítorí orúkọ.” Ó kà á, ó dùn mọ́ ọn, ó sì pa á rẹ́. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò tíì rí lẹ́tà tó dùn mọ́ ẹni tó ń bínú nínú tí kò kàn án lábùkù lọ́la. Ó dìde lọ sídìí fèrèsé, ó mí, ó padà wá.

Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ṣàlàyé bí òjò ṣe rọ̀ lókè ọya àti ẹni tó yẹ kó ti mọ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé, kí ni mo fẹ́ kí Bàbá ṣe bí wọ́n bá kà á tán? Nǹkan méjì péré ni. Ó pa gbogbo ìyókù rẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgbà, ọmọ ẹja àti ewúrẹ́, ọjọ́ wọn á dé.

Nígbà tó kọ ẹ̀kẹta, ó kọ àkọlé kí ó tó kọ ohunkóhun, kí ẹni tí kò bá tilẹ̀ ní àyè kà á já lè gbọ́ kókó rẹ̀. Ó yọ “mo lérò pé” kúrò. Ó yọ “ó ṣeé ṣe” kúrò. Ó wá kà á sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí Alárinà ṣe máa kà á sí Bàbá létí, nítorí ó mọ̀ pé àgbà tó ń rún orín lẹ́nu ọ̀nà kò ní gbọ́ ju ìwọ̀nba lọ. Ibi tí èémí rẹ̀ ti tán, ó gé e sí méjì.

“Àkọlé: Bàbá Olúmẹ̀yẹ, ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gòkè kúrò nínú odò báyìí.

“Bàbá Olúmẹ̀yẹ, ẹ kú àárọ̀, sà.

“Omi ńlá ń bọ̀. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, a gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn dáàmù, odò yóò sì kún dé ẹnu.

“Mo bẹ̀ yín, ẹ kó gbogbo ènìyàn gòkè. Bí wọ́n bá ti gòkè tán, ẹ kọ ‘Mo ti gbọ́’ sí mi. Àwọn olórí yòókù ń wojú yín.

“Èmi ni Ìbídùn, ọmọ Àjíbóyè, ní dáàmù.”

Ọ̀gá Adélakùn kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. “Ìkíni kan ṣoṣo,” ló wí jẹ́jẹ́.

“Ti Bàbá nìkan ni, sà. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni pín in.”

“Màmá,” ni Alárinà wí, “ẹnìkan ṣoṣo ló wà lórí lẹ́tà iṣẹ́ yìí. Òfin Gbangba yóò gba èdìdì ẹni tó kọ ọ́ fún ọdún kan. Ṣé kí n gbé e lọ?”

“Gbé e lọ.”

Fìtílà òkè ṣẹ́jú. Ó dúdú, ó pọ́n. Bàbá ti kà á. Akínlàjà ń fi èékánná ha ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún, ó sì ń ha á sórí ilẹ̀ ọ̀gá, ọ̀gá ò tilẹ̀ rí i. Nísàlẹ̀, ìbú ọwọ́ kan péré ló kù kí omi kan àmì pupa.

Alárinà sọ̀rọ̀. “Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Bàbá Olúmẹ̀yẹ. ‘Ìbídùn, ọmọ Àjíbóyè, mo mọ bàbá rẹ. Àwọn ọmọ wà nínú oko ẹ̀gúsí. Mo ti ní kí wọ́n máa sáré bọ̀. Ẹ má ṣí i títí n ó fi tún kọ̀wé.’”

“Àwọn ọmọ wà níbẹ̀,” ni Akínlàjà sọ, ó sì gbé ọwọ́ lé orí.

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n dúró lọ. Ìbídùn kò tún kọ̀wé láti béèrè ibi tí wọ́n bá a dé, bó tilẹ̀ ń wù ú. Ẹni tó ń ka ọmọ gòkè kò nílò lẹ́tà mìíràn. Omi kan àmì pupa. Ògiri dún lẹ́ẹ̀kan, bí egungun arúgbó tó ń dìde lórí ẹní, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ.

“Bàbá Olúmẹ̀yẹ,” ni Alárinà wí. “‘Wọ́n ti gòkè tán, mo kà wọ́n fúnra mi. Ewúrẹ́ kan ló kù, alágídí ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Mo ti gbọ́. Ẹ ṣí i.’”

Fìtílà òkè di ewé. Ìbídùn ò tíì pariwo tán tí èyí tó tẹ̀lé e fi yí padà, èyí tó tẹ̀lé ìyẹn náà yí padà, títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri bí ọjọ́ orí wọn ti tẹ̀léra, àgbà ṣáájú ọmọdé, kò sẹ́ni tó ṣi ipò rẹ̀ mú. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù.

“Akínlàjà!” ni Ìbídùn kígbe.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ni ọkùnrin náà wí, ó sáré fi ọrùn ọwọ́ kan ẹ̀rọ. “Ẹ̀gbọ́n mi ti Òkè-Àgbọn ni mo ń dúró dè.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Odò Ìjádùn tú jáde, ó bú, ó sì sáré lọ sínú ilé rẹ̀ àtijọ́. Ilẹ̀ yàrá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tó ṣe, omi yẹ̀ kúrò lára àmì pupa. Akínlàjà dì mọ́ ọ̀gá, ó fi ẹrẹ̀ kùn ún láṣọ, ó sì jáde lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sí i lójú. Inú rẹ̀ dùn, kò sì kábàámọ̀ rárá.

“Màmá,” ni Alárinà wí, ó dà bí ẹni pé ojú ń ti òun pàápàá. “Ẹ ní láti kọ ìjẹ́wọ́ yín sí Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí Òfin Gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò dájọ́ èdìdì.”

Ọ̀gá Adélakùn ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá Mọrèniké, gbọ́ mi. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ tèmi. Kí wọn kú ooru, kí wọn kú òjò. Sọ ti ọgbà, sọ ti ẹja. Èmi á bá ọ fi ti ewúrẹ́ sí i. Kó o wá fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó máa kà á débẹ̀ nínú wọn kí ọmọ Mọrèniké tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.”

Ẹ̀rín pa á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà mú un lọ́kàn. Yóò ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́, torí lójú rẹ̀ báyìí ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ẹ́ bo odindi ìlú mọ́lẹ̀. Á máa lo èdìdì rẹ̀ lọ, á gbọ́ ìròyìn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ìgbìmọ̀ á sì fi òfin sílẹ̀ bó ṣe wà, di ọjọ́ tí òjò mìíràn á tún rọ̀ lókè ọya, tí akọ̀wé mìíràn á jókòó síbí, tí kò ní láyà.

“Ẹ ṣeun, sà,” ló wí. “Inúure yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.”

Ó kọ orúkọ kan ṣoṣo sókè: Olóyè Wúràọlá, tó jẹ́ olórí Ìgbìmọ̀.

“Olóyè Wúràọlá, ẹ kú ọ̀sán, mà.

“Mo ṣẹ̀ sí Òfin Gbangba lónìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lẹ́tà tí a kọ sí gbogbo àwọn olórí kò rí ẹni dá a lóhùn, torí olúkúlùkù ń dúró de ẹlòmíràn. Mo wá kọ̀wé sí Bàbá Olúmẹ̀yẹ nìkan, wọ́n sì kó àwọn ọmọ kúrò nínú odò. Ó yẹ kí ẹ tún òfin náà wò.

“Ohun tí mo ń tọrọ nìyí: ẹ fi èdìdì sílẹ̀ fún mi títí ọmọ mi tó wà lójú òkun yóò fi bímọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbà á.

“Ìbídùn, ọmọ Àjíbóyè.”

“Màmá,” ni Alárinà wí, “ẹnìkan ṣoṣo ló tún wà lórí èyí.”

“Mo rí i.”

Kó tó fi ọrùn ọwọ́ kan ẹ̀rọ, ọwọ́ mìíràn ti dé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ọ̀gá Adélakùn kò wo ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ náà gan-an, ó sì fi èdìdì tirẹ̀ kan ẹ̀rọ. “Èmi ni mo kọ lẹ́tà ewúrẹ́,” ló wí. “Kó má di pé ìwọ nìkan ló ru ú.”

Ìbídùn náà fi èdìdì tirẹ̀ kàn án.

“Èdìdì méjì,” ni Alárinà wí. “Ṣé ẹ̀yin méjèèjì mọ ohun tí ẹ ń ṣe?”

“A mọ̀ ọ́n,” ni ọ̀gá dáhùn, ó sì gbé àyà jáde.

Wọn ò tíì rí àyè jókòó tí ìdáhùn fi dé. Alárinà kà á ketekete.

“‘Ìbídùn, mo ti gbọ́. Pa èdìdì rẹ mọ́ títí ọmọ yóò fi dé. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lórúkọ tán, mú èdìdì náà wá bá mi, ká jọ wo òfin yìí. Adélakùn, mú tìrẹ wá lọ́la.’”

Ọ̀gá Adélakùn ní kó tún un kà. Alárinà tún un kà.

“Lọ́la kẹ̀?” ló wí. “Èmi tí mo kàn fọwọ́ sí i?”

“Ẹ ò sọ ohun tí ẹ ń fẹ́, sà,” ni Ìbídùn dá a lóhùn.